Mo Ní N Kò Fún Wọn Ní Nọ́ńbà Mi

Kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ mi dé ìdajì, ẹ ó ti máa bú mi. Ẹ bú mi dáadáa. Èmi náà ti bú ara mi títí, ó ti sú mi.

Aránṣọ ni mí. Aṣọ ilé ìwé àti aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì la máa ń rán ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà ni mo sì ti kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá mi jẹ́ obìnrin kan tí tépù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, àfi bóyá tó bá ń wẹ̀. Bó bá ti yí ẹ̀yìn padà, Ìyá Tépù là ń pè é.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló mú mi lọ síbẹ̀, òun ló sì san owó ìkọ́ṣẹ́ mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ìyá wa kú. Òun náà kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ, ṣùgbọ́n òun ló tọ́ mi.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń ta gíláàsì ojú ni ẹ̀gbọ́n mi ń bá ṣiṣẹ́. Ilé iṣẹ́ ńlá ni, wọ́n ní ẹ̀ka káàkiri. Òun lẹ máa kọ́kọ́ bá pàdé bí ẹ bá wọ ẹ̀ka tiwọn, tí yóò kí yín, tí yóò fún yín ní àga. Ọdún méjìlá ló ti ń ṣe é. Ọkọ rẹ̀ ti kú, iṣẹ́ yẹn ló fi ń tọ́ àwọn ìbejì rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, mo jókòó sí pálọ̀ rẹ̀, mo ń bá àwọn ìbejì tún ṣòkòtò wọn ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi wà nídìí tábìlì, ó to fọ́ọ̀mù síwájú, ó ń kà á, ó ń mí kanlẹ̀.

"Kí ló dé?" mo bi í.

"Àwọn ará ibi iṣẹ́ wa ni. Wọ́n ní kí oníkálukú wa mú ogójì èèyàn wá lóṣù, tí wọ́n á kọ orúkọ àti nọ́ńbà wọn sílẹ̀, pé àwọn gbà kí ilé iṣẹ́ máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn. Mọ́kàndínlógójì ni mo rí. Ọ̀la ni wọ́n máa gbà á."

"Nítorí ẹyọ kan lẹ ṣe ń mí báyìí? Ẹ gbé e wá, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́."

"O ò níí bínú? Wọ́n máa ń yọ èèyàn lẹ́nu o."

"Ẹ̀gbọ́n mi, bébà lásán!"

Mo kọ orúkọ mi. Mo kọ nọ́ńbà mi. Mo fa àmì sí ibi tí wọ́n kọ "Mo gbà" sí, mo buwọ́ lù ú. Àyè kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ti ń béèrè bí ojú èèyàn ṣe fẹ̀ tó. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀, pé kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́, pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń wọn oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù. Èmi tí mo gbọ́n jù, mo fa tépù yọ nínú báàgì, mo wọn ojú ara mi láti ẹ̀bátí dé ẹ̀bátí, mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀rín pa ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, "Ẹ̀yin aránṣọ àti àṣejù!"

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ìyọlẹ́nu fi bẹ̀rẹ̀. "Oníbàárà wa ọ̀wọ́n, ṣé ojú rẹ ṣì ń ríran dáadáa?" Aago márùn-ún ìdájí nìyẹn o. "Ra ọ̀kan, gba èkejì ní ìdajì owó." "Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù!" Ọjọ́ mẹ́ta yẹn kò tán rí. Wọ́n ní kí ẹni tí kò bá fẹ́ mọ́ kọ "Dúró" ránṣẹ́. Mo kọ ọ́. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní àwọn ti yọ mí kúrò. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mẹ́rin ló wọlé.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo kọ "Dúró" ránṣẹ́. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, òun náà sọ fún àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn, wọn kò dá a lóhùn. Ìyá Tépù ní bí fóònù mi bá tún dún níbi tí òun ti ń ka ìwọ̀n fún mi kọ sínú ìwé, òun á rán an mọ́ aṣọ nọ́ọ̀sì kan, kó máa bá wọn lọ sí ilé ìwòsàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí lọ́yà kan gbé ṣòkòtò wá pé kí n bá òun gé e kúrú. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, mo ń wọn ẹsẹ̀ rẹ̀, fóònù mi dún lẹ́ẹ̀marùn-ún.

"Ta ló ń wá ọ kiri tó báyìí? Ọkọ ni àbí olówó?"

"Mi ò ní ọkọ, mi ò sì jẹ gbèsè, sà. Àwọn tó ń ta gíláàsì ni."

"O ti ra nǹkan lọ́wọ́ wọn rí?"

"Rárá, sà."

"O fún wọn ní nọ́ńbà rẹ?"

Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnu mi ti là. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò dúró, lọ́yà ni, ó fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀.

"Nítorí bí o kò bá fún wọn," ó ní, "wọ́n á san owó fún ọ lórí gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́, láti orí àkọ́kọ́. Òfin ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti gbà tẹ́lẹ̀, tó wá ní kí wọ́n dúró, èyí tó bá wọlé lẹ́yìn tó ní kí wọ́n dúró nìkan ló lè bá wọn ṣẹjọ́ lé lórí. Ìyẹn náà lówó nínú, àmọ́ kékeré ni."

Mo wo ẹ̀rọ ìránṣọ tí mo ń lò. Ti Ìyá Tépù ni. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń wá owó tí n óò fi ra tèmi, kí n gba yàrá kan, kí n kọ orúkọ mi sí iwájú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì máa bá fóònù mi jà.

"Mi ò fún wọn, sà," mo ní. "Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti rí i."

Ẹ dákun, ẹ bá mi ro ó. Òtítọ́ lówó lórí! Ọkùnrin náà ti sọ ọ́ tán kí n tó purọ́. Owó kékeré tó mọ́ wà nílẹ̀, mo rékọjá lórí rẹ̀, mo lọ mú ńlá tí kì í ṣe tèmi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo jókòó ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ka ìwé ìbúra sí mi létí: "Mo búra pé n kò fún ilé iṣẹ́ yìí ní nọ́ńbà mi rí, n kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fún wọn." Ó na bírò sí mi. Mo sọ fún ara mi pé ilé iṣẹ́ ńlá ni, wọ́n á kàn mú owó jáde ni, ta ló máa jókòó wá fọ́ọ̀mù ẹyọ kan láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún? Mo buwọ́ lù ú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún ẹ̀yin náà pé n kò ro ti ẹ̀gbọ́n mi. Mo rò ó. Mo kàn yí ojú mi kúrò níbẹ̀ ni.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán gangan. Kì í wá ní irú àsìkò yẹn. Ó fà mí lọ sí ẹ̀yìn, níbi tí a ń kó àpò àjákù aṣọ sí.

"Ìwọ lo pe ilé iṣẹ́ wa lẹ́jọ́?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n gbé nọ́ńbà ẹni náà síwájú mi láàárọ̀ yìí. Nọ́ńbà rẹ nìyẹn, mo mọ̀ ọ́n ju tèmi lọ. Wọ́n ní inú fọ́ọ̀mù tí mo kó wá ló ti jáde. Wọ́n ní ńṣe ni mo jókòó sílé tí mò ń bá àwọn èèyàn buwọ́ lùwé."

"Kí lẹ wá sọ fún wọn?"

"Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rántí. Orúkọ ọkọ mi ni mò ń jẹ́ níbẹ̀, wọn ò mọ̀ pé àbúrò mi ni ọ́." Ó wò mí lójú. "Ṣé o ti búra?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó jókòó lórí àpò àjákù aṣọ. Ó ní, "Lọ bá lọ́yà rẹ. Sọ fún un pé o gbàgbé ni, pé o ti rántí báyìí. Èèyàn lè gbàgbé. Wọn ò lè tìtorí ìgbàgbé mú ọ."

"Màá lọ lọ́la."

"Mo bẹ̀ ọ́, àbúrò mi. Àwọn ìbejì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì. Iṣẹ́ yìí nìkan ni mo ní."

Ẹni tó fún mi lóúnjẹ nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò jẹun ló ń bẹ̀ mí láàárín àjákù aṣọ.

Mo lọ lóòótọ́. Mo ti ṣètò ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu láti ilé: "Ẹ jọ̀ọ́, sà, mo ti rántí nǹkan kan." Mo kan ilẹ̀kùn, mo wọlé. Lọ́yà dìde sókè, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Jókòó, olóríire! Wọ́n ti kọ lẹ́tà. Wọn ò fẹ́ kó dé kóòtù. Wọ́n ní kí á jẹ́ kí wọ́n sanwó, kí á parí ẹ̀ láàárín ara wa."

Ó yí lẹ́tà náà sọ́dọ̀ mi. Mo ka iye tó wà níbẹ̀, mo tún un kà. Ó tó ra ẹ̀rọ, ó tó san owó ṣọ́ọ̀bù, ó tún máa ṣẹ́ kù.

"Ó jọ pé o ní ọ̀rọ̀ kan tí o fẹ́ sọ," ó ní.

"Kò sí, sà. Mo kàn ní kí n yà kí yín ni."

Nígbà tí mo délé, ẹ̀gbọ́n mi pè mí. "O ti lọ?"

"Mo ti lọ."

"Kí ló wí?"

"Ó ní òun á rí sí i."

Ẹ̀gbọ́n mi dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dúpẹ́, ó ṣàdúrà fún mi lórí fóònù, mo sì ń ṣe àmín. Mo ti pinnu pé màá fún un nínú owó náà. Ìyẹn ni mo fi ń tu ara mi nínú.

Ọjọ́ tí a máa buwọ́ lu ìwé ìparí ẹjọ́ pé. Lọ́yà ti ní kí n mú ẹlẹ́rìí kan dání, ẹni tó lè sọ pé àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ náà ń dí mi lọ́wọ́ iṣẹ́. Ta ni n bá tún mú bí kò ṣe Ìyá Tépù? Ó múra, ó wá, wọ́n ní kó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí a óò fi pè é.

Yàrá náà tutù. Tábìlì gígùn kan wà láàárín, wọ́n to ike omi sórí rẹ̀. Agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ náà jẹ́ obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ń fi bírò lu tábìlì jẹ́jẹ́. Ilẹ̀kùn kejì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣí, máníjà ẹ̀ka wọn wọlé, ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ lé e.

N kò mọ̀ pé wọ́n máa mú un wá.

"Kí á tó sanwó," obìnrin náà ní, "a fẹ́ kó wà nínú ìwé ibi tí nọ́ńbà yìí ti wá, kó lè hàn pé òṣìṣẹ́ kan ló ṣe é, kì í ṣe ilé iṣẹ́." Ó ti fọ́ọ̀mù mi sí àárín tábìlì, ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Ìwọ lo kó èyí wá?"

"Èmi ni, mà."

"Ẹni tó ni nọ́ńbà ti búra pé òun kọ́ lòun kọ ọ́. Ta ló kọ ọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ojú sókè, ó wò mí. Kò bínú. Kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ńṣe ló ń dúró dè mí. Mo ń gbọ́ bí ẹ̀rọ tó ń mú yàrá tutù ṣe ń kùn. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n ń retí. Mo wo bàtà mi.

"Èmi ni mo kọ ọ́, mà," ẹ̀gbọ́n mi ní.

"Ìwọ lo buwọ́ lù ú lórúkọ rẹ̀?"

"Èmi ni."

Wọ́n fún un ní bébà, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pè é fún un, ó buwọ́ lù ú. Máníjà ní kó fi káàdì ibi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ń bọ́ ọ lọ́rùn, okùn rẹ̀ kọ́ ọ nírun, ó rọra ń tú u. Èmi jókòó síbẹ̀, mò ń wò ó.

"Ó dáa," lọ́yà mi ní, ó ń pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀. "Ẹ jẹ́ kí á pe ẹlẹ́rìí wa wọlé, kí gbogbo wa máa lọ sílé."

Ìyá Tépù wọlé pẹ̀lú tépù lọ́rùn. "Ẹ káàsán o, gbogbo ilé." Ojú rẹ̀ ká yàrá. "Há! Ìyá Ìbejì! Ẹ̀yin náà wá bá àbúrò yín dúró? Ó mà dáa o."

Bírò obìnrin yẹn dúró lórí tábìlì. "Àbúrò ta?"

"Àbúrò ẹ̀ nìyí. Ṣebí òun ló fà á lé mi lọ́wọ́ pé kí n kọ́ ọ níṣẹ́."

Lọ́yà mi yíjú sí mi. Kí n tó rí nǹkan sọ, ẹ̀gbọ́n mi ti dáhùn.

"Òótọ́ ni, mà. Àbúrò mi ni. Ìdí tí mo fi mọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí nìyẹn. Mi ò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ ọ́. Òun ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kejì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èmi kò sì tíì la ẹnu.

Ibi tí wọ́n ní kí Ìyá Tépù buwọ́ lù wà nítòsí fọ́ọ̀mù mi, Ìyá Tépù kì í sì í rí bébà kó má kà á. Ó gbé gíláàsì sójú, ó fà á mọ́ra.

"Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin lẹ kọ èyí?"

"Èmi ni, mà."

"Ìgbà wo lẹ kọ́ṣẹ́ aránṣọ?"

Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ kó gba fọ́ọ̀mù náà.

"Ẹ wò ó," Ìyá Tépù ní, ó gbé e sí ojú agbẹjọ́rò yẹn. Inú rẹ̀ tilẹ̀ ń dùn. "Ìwọ̀n ojú nìyí. Ẹ wo márùn-ún, ẹ wá wo ààbọ̀ tó wà lẹ́yìn ẹ̀: ìlà kékeré tó dùbúlẹ̀, àmì ẹyọ kan lábẹ́ ẹ̀. Èmi ni mo dá ìyẹn sílẹ̀, torí àwọn tó máa ń yọjú wo ìwé ìwọ̀n mi. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi nìkan ló ń kọ ààbọ̀ báyìí. Ẹni tí ò bá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, kò lè kọ ọ́."

Ó yíjú sí mi. Bí inú dídùn yẹn ṣe kúrò lójú rẹ̀ ni mo rí.

"Ìwọ lo kọ ọ́. Ọwọ́ rẹ nìyí."

Mo la ẹnu. Lọ́yà mi ní, "Jọ̀ọ́, má sọ nǹkan kan mọ́." Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ yẹn gbé ìwé ìparí ẹjọ́ kúrò lórí tábìlì, ó fi í sínú báàgì. Ó ní kò sí owó, pé kí n lọ dúpẹ́ bí òun kò bá gbé ìwé ìbúra mi lọ fún ọlọ́pàá.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lọ́yà mi bá mi sọ̀rọ̀ láìwò mí. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lo ní kí wọ́n dúró. Mo ní ẹ̀rí ẹ̀ lọ́wọ́. Ká ní o sọ òtítọ́ fún mi ni, à bá ti gbowó." Kò gbé ṣòkòtò wá fún wa mọ́.

Ìyá Tépù kò lé mi. Ó kàn gba ìwé ìwọ̀n kúrò lọ́wọ́ mi. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló ń kọ ọ́ báyìí.

Mo rò pé wọ́n á gba ẹ̀gbọ́n mi padà síbi iṣẹ́, nígbà tó ti hàn pé kò ṣe ohun tí wọ́n ní ó ṣe. Mo lọ bá máníjà, mo kúnlẹ̀ ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ó yọ ìwé tí ẹ̀gbọ́n mi buwọ́ lù jáde nínú fáìlì, ó gbé e síwájú mi.

"Bó bá jẹ́ òun ló kọ fọ́ọ̀mù yẹn, ayédèrú ló ṣe," ó ní. "Bí kì í bá ṣe òun, á jẹ́ pé ó purọ́ fún wa kó lè gbèjà ẹni tó pè wá lẹ́jọ́. Èwo nínú méjèèjì lo fẹ́ kí n tìtorí ẹ̀ gbà á padà?"

Mo mọ̀ pé ẹ ń retí ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ wo ni mo ní? Bí wọ́n bá bi yín ní ìbéèrè tó rọrùn, ẹ fún wọn ní ìdáhùn tó rọrùn. Ọmọ ọdún márùn-ún mọ ìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi ń fọ ilẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan báyìí. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ti fi ilé ìwé sílẹ̀, kí èkejì lè máa lọ. Oṣù mẹ́rin ni mo fi pè é tí kò gbé fóònù mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo gbéra, mo lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ó ṣí i. "Ẹ káàárọ̀," ó ní. "Ẹ wọlé. Ẹ jókòó."

Mo bojú wẹ̀yìn, mo rò pé ẹlòmíì ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, tó wẹ̀ fún mi, tó dì mí nírun, ló ń pè mí ní ẹ̀yin.

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí. Iṣẹ́ yín tí mo bà jẹ́..."

"Ẹ dìde. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́." Ó ń ká aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé, kò dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró. "Ẹnikẹ́ni ò fipá mú mi kí n tó ní èmi ni mo kọ ọ́. Àmọ́ kí n tó sọ ọ́, mo wò yín. Mo dúró. Mo ń sọ nínú ara mi pé ẹ máa sọ̀rọ̀ báyìí, torí èmi ni mo tọ́ yín, mo mọ ẹni tí mo tọ́. Bàtà yín lẹ̀ ń wò."

Ó bu omi fún mi, ó fi àwo tẹ́ ife náà bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àlejò. Mo mu ún, mo dìde. Ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ bá mi kí wọn nílé," ó ní, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Èmi nìkan ni mò ń gbé. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.